Ìjà Àna Nílé Eré Múdàṣírù

                                                        Ìdí Ọjà,
                                                        Adja-Ouèrè,
                                                        Benin.
                                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Ẹfúnwùmí mi, ọ̀rẹ́ àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Parakou lọ́hùn-ún? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti dẹ́kun àtimáa fi aṣọ rẹ pàgọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Níbí, òjò ti sọ ọ̀nà Ikpinlè di ẹrẹ̀ pátápátá, àwọn zẹ́mì tó ń fi alùpùpù kó èrò ló ń ti alùpùpù wọn báyìí, alùpùpù ò gbé wọn mọ́. Àgbàdo ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Ara gbogbo wa le. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe wá, irọ́ ni mo pa. Ohun kan ń ṣe wá, òun ni mo sì fẹ́ ròyìn fún ọ. Jókòó dáadáa, má sì mu omi bí o bá ń kà á, kí omi má baà gba imú jáde.

O mọ Múdàṣírù tó ń tún tẹlifóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi. Àṣejù ọkùnrin yẹn ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wá láti Cotonou, ó so ó mọ́ ògiri, ó gbé ẹ̀rọ eré sí i nídìí, ó to bẹ́ǹṣì sílẹ̀, ó ní ilé eré ni òun ṣí. Mo bú u. Mo ní ariwo yẹn yóò lé àwọn oníbàárà mi lọ. Ó ní, "Àǹtí Solange, ẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Wàláì, tí kò bá dùn mọ́ yín, màá pa á lónìí." Mo lọ wò ó. Ẹfúnwùmí, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni: mo gbàgbé ayọ́ọ̀nù sórí bùbá ìyàwó lémọ́ọ̀mù, ó sì jó.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ọ, torí mo mọ̀ pé o ò mọ nǹkan kan. Eré ìjà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjà ẹnì kan sí ẹnì kan. Méjì sí méjì ni. Ọ̀kan ń jà lójú agbo, èkejì dúró lẹ́yìn, ó ń sinmi. Bí ìyà bá pọ̀ lára ẹni tó ń jà, wàá tẹ bọ́tìnì kan, yóò fò jáde, èkejì yóò fò wọlé tìbínútìbínú. Ẹni tó jáde á máa mí, ara rẹ̀ á máa bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ là ń pè ní mànẹ́ẹ̀tì. Bí èèyàn mẹ́rin bá wà nílẹ̀, Múdàṣírù á pín mànẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, oníkálukú á mú oníjà tirẹ̀.

Èyí tó wá dùn jù ni pé àwọn oníjà náà kì í ṣe ọmọ ilé kan. Inú oríṣiríṣi eré ni wọ́n ti ṣà wọ́n jọ. Ọ̀kan wá láti inú eré ìdáná, ìgbákọ ló fi ń jà, Alásè là ń pè é. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin, inú eré ogun ni wọ́n ti mú un, a sọ ọ́ ní Bàbá Onírin. Obìnrin kan wà tó ń fi agbòòrùn jà, inú eré àwọn amí ló ti wá. Ewúrẹ́ kan tilẹ̀ wà. Ewúrẹ́, Ẹfúnwùmí! Inú eré oko ni ó wà jẹ́ẹ́jẹ́ tí wọ́n fi lọ pè é. Àwọn wọ̀nyí kò yẹ kí wọ́n pàdé láéláé, ṣùgbọ́n ẹnì kan jókòó níbì kan, ó ní ẹ jẹ́ kí wọ́n pàdé. O lè mú Alágbòòrùn pọ̀ mọ́ ewúrẹ́, kí o ní kí àwọn méjèèjì lọ na Bàbá Onírin. Ta ni yóò rí irú ìyẹn tí yóò padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ? Nídìí ẹ̀rọ omi ní àárọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó jẹ́ ẹnìkejì ta ni là ń bá ara wa jà lé lórí. Èmi máa ń mú Alásè àti ewúrẹ́ pọ̀, torí mo gbà pé alásè á mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ewúrẹ́. Wọ́n ń nà mí ní gbogbo ìgbà, ṣùgbọ́n n kò ní yí i padà.

Ẹni tí eré yìí wá kó sí lórí jù ni Bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Fáṣèyí tí o mọ̀, tí kì í rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, o mọ bí wọ́n ṣe dà. Wọ́n á ti oko ọ̀pẹ dé, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bernadette, àbúrò mi tó kù pẹ̀lú wọn nílé, nìkan ló ń rí wọn bá sọ̀rọ̀, "Bàbá, oúnjẹ ti jinná" àti "Mo ti gbọ́" sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan wọ́n wá gba ṣòkòtò tí mo bá wọn rán, wọ́n yọjú sí ilé eré, wọ́n ní àwọn ń wá ẹni tó ń pariwo. Wọn ò jáde mọ́. Bàbá Onírin ni wọ́n mú. Kò pẹ́ tí Bàbá mi fi ń kígbe, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń bú ewúrẹ́. Nítorí ojú wọn tí kò ríran jìnnà mọ́, Múdàṣírù fi àga kan sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n fún wọn, lẹ́bàá ògiri. Inú mi dùn débi pé n kò sọ̀rọ̀ ariwo mọ́.

Ibi tí wàhálà ti wọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ Ghislain. Ọmọ Ikpinlè ni, ó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo ṣe, òun sì ni Bernadette fẹ́ fẹ́. Ọmọlúàbí ni. Ó ti wá tọrọ, ó ti kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fún ọ̀wẹ̀ àna, wọ́n ro oko ọ̀pẹ Bàbá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, wọn ò fi koríko kan sílẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan ló kù kí Bàbá dá. Ghislain náà fẹ́ràn eré ìjà, Alágbòòrùn sì ni tirẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà kan, ó wọlé láti inú oòrùn, ojú rẹ̀ ò tíì mọ́ sí inú ilé, ó gba mànẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ẹni tó bá níbẹ̀. Ó fi agbòòrùn gbá Bàbá Onírin lórí, ó gbé e sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó fò sókè, ó ní, "Ta ni mo gbé ṣánlẹ̀ yẹn? Kó dárúkọ ara rẹ̀!" Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀bá ògiri pé, "Fáṣèyí ni."

Ẹfúnwùmí, Bàbá mi ni! Ọkọ ìyàwó ọ̀la gbé àna rẹ̀ ṣánlẹ̀ ní ọjọ́ ọjà! O mọ bí ọ̀rọ̀ àna ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ rẹ, bó bá pàdé rẹ lójú ọ̀nà, bó ru epo, yóò sọ epo kalẹ̀ kó tó dọ̀bálẹ̀ fún ọ. Mànẹ́ẹ̀tì bọ́ lọ́wọ́ Ghislain, ó wó lulẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀. Múdàṣírù ní àwòrán lásán ni. Fádáre, bíríkìlà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Bàbá, ní irọ́ ni. Ó bi Múdàṣírù pé, "Ta ló di Bàbá Onírin mú lọ́wọ́?" Múdàṣírù ní Bàbá Fáṣèyí ni. "Ta ló pariwo 'yéè' nígbà tó ṣubú?" Ó ní Bàbá Fáṣèyí ni. "Ta ni wọ́n wá gbé ṣánlẹ̀?" Múdàṣírù bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ nu tẹlifíṣọ̀n. Ó di dandan kí Ghislain wá sílé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú obì àti ìgò ọtí sódábì kan, láti tọrọ àforíjì nítorí ohun tí obìnrin inú tẹlifíṣọ̀n fi agbòòrùn ṣe fún ọkùnrin onírin. Bàbá gba obì, wọ́n ní ó tán.

Kò tán. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti mú mànẹ́ẹ̀tì, Ghislain kò jà mọ́. Alágbòòrùn á kàn dúró gbagidi, Bàbá Onírin á máa nà án bí ẹni ń pa ejò. Bàbá borí, wọ́n tún borí, wọ́n ń borí títí ó fi yé wọn. Inú bí wọn ju ti ọjọ́ tí wọ́n ṣubú lọ. Wọ́n já wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ní, "Solange, ọmọ yẹn ń tàn mí. Ẹni tó lè tàn mí lórí eré, bí nǹkan bá ń ṣe ọmọ mi nílé rẹ̀, ṣé ó máa sọ òtítọ́ fún mi? N kò dá ọjọ́ kankan títí yóò fi bá mi jà tọkàntọkàn."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, tó bá wá nà yín ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Bó bá nà mí, aláfojúdi ni. Ta ló ń fi ọmọ fún aláfojúdi?"

"Kí ni kó wá ṣe, Bàbá?"

"Òun ni kó mọ̀ ọ́n."

Bernadette sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó ní òun ó sá lọ sí Cotonou. Ó ní bí òun bá rí ẹni tó ṣe eré yẹn, òun ó fi ìgbákọ gidi gbá a lẹ́nu. Ghislain náà ò tún mọ ohun tó ń ṣe mọ́. Ó tú ẹ̀rọ epo oníbàárà kan, nígbà tó tò ó padà, epo ń gba ibi tí èkùrọ́ yẹ kó gbà jáde. Mo máa ń fi ẹnu gún àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí àánú wọn ṣe mí gidi. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn, n kò sì rí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni lè gbà fi tẹ́ Bàbá lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá, Ìyá Àdùkẹ́, ni wọ́n gbà wá. Wọ́n ń pa èkùrọ́ lẹ́yìnkùlé tiwọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Bàbá, nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹkún, wọ́n pè mí, mo sì ṣàlàyé eré náà fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Wọ́n ní, "Ṣé méjì ni wọ́n ní ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Bí ọ̀kan ò bá lè dojú kọ ẹnì kan, ṣé ó lè pe èkejì wọlé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n sọ òkúta ọwọ́ wọn kalẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni kó pè. Èmi ni mo pọn Fáṣèyí. Ẹ̀yìn mi yìí ló ń tọ̀ sí títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn. Ta ló máa sọ pé n ò gbọdọ̀ nà án?" Kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀.

O ò tíì rí nǹkan láyé, Ẹfúnwùmí. Ìyá Àdùkẹ́ wọ ilé eré, wọ́n tún gèlè wé, wọ́n mú ewúrẹ́. Wọ́n ní àwọn ti sin ewúrẹ́ rí, àwọn mọ ìwà rẹ̀. Àtàǹpàkò tó ti ń ṣa èkùrọ́ láti kékeré ni wọ́n kó lé bọ́tìnì. Múdàṣírù ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra, kí bọ́tìnì má baà wọlé lọ pátápátá. Wọn kì í ro ohunkóhun. Wọ́n kàn ń tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ewúrẹ́ sì ń ṣe ohun tí Múdàṣírù fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ewúrẹ́ lè ṣe. Ó fò, ó yí, ó yọ iná lẹ́nu. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń sá fún Ìyá.

Ghislain lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, ó ní òun ti ṣetán láti jà, òun àti Ìyá Àdùkẹ́. Bàbá ní ó dára, àwọn á mú Fádáre kún ara àwọn. Ọjọ́ ọjà la fi í sí, lọ́sàn-án gangan. Èrò kún ilé eré títí dé òpópónà. Àwọn zẹ́mì fi alùpùpù wọn sílẹ̀, wọ́n ń wo ojú fèrèsé. Obìnrin kan tó ń lọ sí Kpoulou sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ní Kpoulou ò ní sá lọ. Bernadette dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni wá ra káàdì tẹlifóònù. Gbogbo wa mọ ohun tó wà nílẹ̀. Bí Ghislain bá tan Bàbá, kò sí ìyàwó. Bó bá sì rí wọn fín, kò sí ìyàwó.

Fádáre àti Ghislain ló kọ́kọ́ jà. Ìyẹn dára, kò sí àna níbẹ̀. Fádáre tó di Alásè mú kò mọ̀ ju kó máa fò sókè lọ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Bàbá wọlé. Lójú ẹsẹ̀ Ghislain tẹ bọ́tìnì, Alágbòòrùn fò jáde, ewúrẹ́ wọlé. Bàbá wo ewúrẹ́, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n wọn. Ta ló ń na ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n? Bàbá náà tẹ bọ́tìnì, Bàbá Onírin jáde, Alásè wọlé. Ìyá ní kì í ṣe Fádáre ni àwọn wá nà, ewúrẹ́ jáde, Alágbòòrùn wọlé. Bàbá rí i pé Ghislain ló wà níbẹ̀, wọ́n sáré wọlé. Ghislain sáré jáde. Ìyá wọlé. Bàbá jáde. Ẹnikẹ́ni ò na ẹnikẹ́ni mọ́! Wọ́n kàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, bí àwọn ìyàwó ilé tó ń wá iyọ̀ lọ́jọ́ àsè. Múdàṣírù dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Fádáre ló bà á jẹ́. Ó gbàgbé láti jáde nígbà tó yẹ, ewúrẹ́ bá kàn án, ó kàn án, ó kàn án títí Alásè fi sùn gbalaja. "Sẹ́ fìnì, ó ti parí, Bàbá Fádáre!" ni Múdàṣírù kígbe. Ó wá ku Bàbá nìkan, kò sí ẹni tí wọ́n lè pè mọ́. Ìyá Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewúrẹ́ kàn wọ́n, wọ́n sì ń fi ẹnu kún un: "Fáṣèyí, ìwọ tó ń sá fún àkùkọ! Fáṣèyí, ìwọ tí mo ń bá sá ẹní ní àràárọ̀!" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ojú Bàbá pọ́n, wọ́n gbàgbé ara wọn, wọ́n tẹ nǹkan kan. Bàbá Onírin gbá ewúrẹ́ mú níwo, ó fì í yípo, ó jù ú nù. Ewúrẹ́ ò dìde mọ́. Bàbá káwọ́ lérí. "Yéè! Mo ti na ẹ̀gbọ́n mi!" Ìyá Àdùkẹ́ gbá wọn léjìká, wọ́n ní kí wọ́n mú mànẹ́ẹ̀tì wọn ńlẹ̀, ìjà ò tíì parí.

Ó wá ku Bàbá àti Ghislain. Kò sí ẹni tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lè pè wọlé. Bàbá tẹjú mọ́ ọn, Bernadette náà tẹjú mọ́ ọn. Ghislain dìde. Mo rò pé ó fẹ́ máa lọ. Ó rìn lọ síwájú àga Bàbá, ó dọ̀bálẹ̀, àyà nílẹ̀, àgbọ̀n nínú eruku, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mànẹ́ẹ̀tì sì wà nínú wọn. Ó yí ojú sókè sí tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Ẹ dákun, Bàbá," ó fi agbòòrùn gbá Bàbá Onírin lójú. "Ẹ má bínú, Bàbá," ó gbá a níkùn. "Ẹ foríjì mí, Bàbá," ó gbá a lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe pé ó rọra o! Bàbá náà ò sì gbà, mo rí i pẹ̀lú ojú mi, wọ́n lu obìnrin yẹn títí agbòòrùn rẹ̀ fi fà ya. Ìlà tó ń fi agbára oníjà hàn lókè tẹlifíṣọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán fún àwọn méjèèjì. "Ẹ ó pẹ́ fún wa, Bàbá," ni Ghislain wí, ó gbé Bàbá Onírin sókè, ó là á mọ́lẹ̀, kò dìde mọ́.

Ghislain náà ò dìde, àgbọ̀n rẹ̀ ṣì wà nínú eruku. Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ó nà mí dáadáa."

Fádáre ní, "Ó nà ọ́."

"Kò tàn mí."

"Kò tàn ọ́ rárá."

"Ṣé ó rí mi fín?"

Fádáre wo Ghislain nílẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní kò sí bí èèyàn ṣe tún lè bọ̀wọ̀ fún àna rẹ̀ ju báyìí lọ, àfi bó bá máa gbẹ́lẹ̀. Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí Màmá ti lọ. Ilé gba ariwo kan. Bernadette sáré wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìró rẹ̀ nu àgbọ̀n Ghislain lójú gbogbo ọjà, kò tilẹ̀ tijú.

Bàbá ti dá ọjọ́ báyìí. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ ni ìgbéyàwó. O gbọ́dọ̀ wá, n kò fẹ́ gbọ́ àwáwí. Èmi ni mo ń rán aṣọ ìyàwó, mo sì ti búra pé n kò ní dé ilé eré lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ̀ ọ́. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, bá mi kí Ìyá ọkọ rẹ dáadáa, sọ fún wọn pé mo ní kí wọ́n máa fi òrí pa ẹsẹ̀ yẹn. Fi ẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Ìyá Àdùkẹ́ ní kí n kí ọ, wọ́n ní bí eré náà bá wà ní Parakou, kí o bá àwọn wá ẹni tó ń fọ́nnu níbẹ̀.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kí o gbọ́ kí n tó fi gègé sílẹ̀. Nígbà tí a ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, èmi àti Bernadette wà lẹ́yìn, Bàbá àti Ghislain ń lọ níwájú. Bàbá tún ti dákẹ́, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Bí a ṣe já sí ojú ọ̀nà oko, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "O máa mú un lọ sí Ikpinlè, àbí?"

Ghislain ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Bàbá ní, "Ilé á wá ku èmi nìkan."

Bernadette di ọwọ́ mi mú, ó dì í le débi pé ó dùn mí. A rìn díẹ̀ sí i. Bàbá ní, "Máa wá lọ́jọ́ ọjà. Fádáre ò mọ̀ ọ́n jà. Mo fẹ́ ẹni tí mo lè pè wọlé bó bá rẹ̀ mí."

Ghislain fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀. Bàbá gbá a lápá mú, wọn ò sì fi apá náà sílẹ̀ mọ́ títí a fi délé.

Tìrẹ ni mo jẹ́, lónìí àti lọ́la,

Solange